Ọjọ́ Tí Wọ́n Pín Àṣẹ Olókè

Ọjọ́ tí Rẹ́sídẹ́ǹtì, olórí àwọn òyìnbó ìjọba, wọ Òkè-Àgbọn, eruku pupa bo gbogbo ewé ẹ̀bá ọ̀nà. Orí ẹṣin ni òyìnbó náà wà, àwọn aláàárù mọ́kànlá ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Olókè, ọba ìlú, ti jókòó sójúde ààfin láti àárọ̀, ó wọ dàńdógó sányán, iyùn wúwo lọ́rùn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Oyèníran, tí í ṣe Ọ̀tún, dúró tì í bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára iyùn ọ̀hún.

Bàbá kan, ìyá kan ló bí wọn. Síbẹ̀, ẹnu ẹ̀gbọ́n ni ẹjọ́ ti ń parí, òun ló ń rán ẹ̀ṣọ́, òun ló ń ní kí ìlú jáde lanà. Bí Oyèníran bá ń kọjá, "Àbúrò ọba ló ń lọ yẹn" ni wọn ń wí, bí ẹni pé kò lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ nínú bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó gbéra, ó lọ bá Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wọn lábẹ́ Rẹ́sídẹ́ǹtì, ó ní agbára tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun ti pọ̀ jù fún ẹnìkan.

Lọ́jọ́ tí Rẹ́sídẹ́ǹtì wọ̀lú yìí, ògbufọ̀ ń túmọ̀ ìwé ìjọba sétí gbogbo ìlú: "Kábíyèsí, ìjọba ní kí ẹ máa mójú tó ọ̀nà àti owó orí. Ọ̀tún ni yóò máa jókòó ní kóòtù. Ẹ̀ṣọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n di ti Ajẹ́lẹ̀. Ẹjọ́ tó bá ju agbára kóòtù lọ, ọ̀dọ̀ Rẹ́sídẹ́ǹtì ni yóò máa lọ."

Olókè yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Oyèníran, ṣé ìwọ lo bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀?"

"Ìjọba ló pín in, Kábíyèsí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni inú Ọ̀tún fi dùn. Ó dá ẹjọ́ ilẹ̀ kan, Ajẹ́lẹ̀ fi yíǹkì pupa fa ìlà gba orí ìwé ìdájọ́ náà kọjá. Olè ewúrẹ́ kan sá lọ, Ọ̀tún kò lẹ́ṣọ̀ọ́ tí yóò rán, àfi kó lọ dúró sínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà Ajẹ́lẹ̀. Ọba kò lè dájọ́ mọ́, adájọ́ kò sì lè mú ọ̀daràn. Nígbà tí ará ìlú rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ wọn kọjá ààfin, wọ́n ń gbé e kọjá kóòtù, ó di ọ̀dọ̀ òyìnbó tààrà. Ọdún kẹfà, Olókè wàjà. Òun àti àbúrò rẹ̀ kò jọ jẹun mọ́ tó fi lọ.

Ibẹ̀ ni Aunty Ọlábísí bá ìtàn náà dé, ó fa ṣúwẹ́tà rẹ̀ bo àyà. Ọmọ-ọmọ Olókè ni ìyá arúgbó náà, ilé ọmọ rẹ̀ ní Douglasville, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, ló ń gbé. Ọmọ àbúrò rẹ̀, Akíntóyè, ló jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ funfun tí àwọn apòògùn ń wọ̀.

"Aunty, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sọ ìyẹn fún mi?"

"Lẹ́tà tó o mú wá fi hàn mí yẹn ni."

Ọdún kejìlá rèé tí Bíyìí, ẹ̀gbọ́n Akíntóyè, ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ ọmọ Òkè-Àgbọn ní Atlanta. Warehouse ni Bíyìí ń bá ṣiṣẹ́. Akíntóyè ló kàwé, òun ni wọ́n ń pè ní Dókítà. Lóṣù méjì sẹ́yìn, tọkọtaya kan tó ń jà sáré bá a ní parking lot ṣọ́ọ̀ṣì ní Riverdale. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ti múra àtigbọ́ ẹjọ́.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyàwó wí, "kí ni phone number Uncle Bíyìí?"

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Akíntóyè ti kọ̀wé sí olórí ẹgbẹ́ fún gbogbo Amẹ́ríkà ní Houston pé kí wọ́n pín iṣẹ́ ààrẹ sí méjì. Èsì ti dé: kí Bíyìí máa ṣí ìpàdé, kí Akíntóyè máa parí ìjà.

"Kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé wa ńkọ́?" Aunty Ọlábísí bi í. "Ọwọ́ ta ni wọ́n ní kó wà?"

Akíntóyè wo lẹ́tà náà bí ẹni tí kò kà á rí. "Houston ni, mà. Àwọn náà ni yóò máa fọwọ́ sí orúkọ ẹni tó lè wọ ẹgbẹ́."

"Houston ló bá yín kọ́ ọ ni?"

Akíntóyè ká lẹ́tà náà, ó kì í bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀.

"Tóyè, ṣé Bíyìí ti gbọ́?"

"Wọ́n ní àwọn fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí i."

Ó dìde, kò tilẹ̀ dúró mu omi. Ó wa mọ́tò gba ọ̀nà márosẹ̀ I-20 láti Douglasville títí dé Covington níbi tí Bíyìí ń gbé, ó ń gbàdúrà kí mailman má tíì dé. Bó ṣe ń lọ ló ń ro ohun tí yóò wí: pé ìlara ni, kì í ṣe ìkórìíra, pé òun yóò kọ̀wé mìíràn ní ọ̀la.

Bíyìí ló ṣílẹ̀kùn. Awò wà lójú rẹ̀, lẹ́tà tó ti ṣí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akíntóyè dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gbalaja. "Brother mi…"

Bíyìí kò pariwo. Ó fa àga kan jáde látìdí tábìlì, ó fi ọwọ́ nu orí àga náà.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí. "Ẹ dìde. Ẹ wá jókòó."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Akíntóyè, "ìwọ" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é. Ó bojú wẹ̀yìn, bóyá àgbàlagbà kan ló tẹ̀ lé òun wá.

Kò sí ẹnìkankan.