Bọ́ọ̀sì Ọjọ́ Jímọ̀

"Àsúmáù, ṣé o ṣì ń bọ̀?"

Ohùn tó ti inú fóònù jáde kò le ju ti ọmọ kékeré lọ. Àsúmáù tẹ fóònù náà mọ́ etí, bí ẹni tó fẹ́ fi bẹ́ẹ̀ fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ láti inú rẹ̀.

"Mò ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má lọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí."

Rahmah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé inú fúláàtì tí council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, fún wọn ní Peckham nílùú London, ibẹ̀ sì kéré débi pé kò sí bí ẹnìkan ṣe lè sunkún kí ẹnìkejì má gbọ́. Ó gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fa èémí lẹ́yìn tí ìpè náà ti parí.

Aunty Hameedah nìkan ni ẹ̀gbọ́n tí Àsúmáù ní láyé. Abúlé kan lórí òkè ní ilẹ̀ Ítálì ló ń gbé láti ìgbà tí Rahmah kò tíì mọ ìrìn, níbi tí ó ti ń bá wọn ká èso ólífì. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá wọn ní Ìwó, ìjà dé láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ni, àmọ́ àwọn méjèèjì kọ̀ láti kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, ọdún sì ń gorí ọdún. Àfìgbà tí àrùn jẹjẹrẹ dé sí Aunty Hameedah lára, tí àwọn dókítà sì ní kí ó máa lọ sílé, ni wọ́n tó tún gbọ́ ohùn ara wọn.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ," ni Aunty Hameedah ń wí ṣáá. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Àsúmáù ì bá ti wọ bàálù lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ẹ̀dọ̀fóró ni, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ bàálù. Bí ó bá rìn díẹ̀, àfi kí ó jókòó. Kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà nínú òun àti ọmọ rẹ̀. Ó wá ku ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì, kí wọ́n máa rọra lọ bí ìgbín, kí wọ́n máa sùn lójú ọ̀nà.

"Rahmah, ìwọ lo mọ ojú fóònù," ni ìyá rẹ̀ sọ fún un. "Ìwọ ni kí o ṣètò gbogbo ìrìn náà. Ibi tí o bá ní ká gbà ni mo máa gbà."

Rahmah fi tayọ̀tayọ̀ bẹ̀rẹ̀. Láńre, ọmọ Aunty Hameedah tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ lábúlé, ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ tọ́ ọ sọ́nà. Kí wọ́n sùn ní Paris, kí wọ́n sùn ní Milan. Ní àárọ̀ Jímọ̀, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Florence, kí wọ́n bọ́ sínú èyí tó kéré tó ń lọ sí ìgbèríko, kí wọ́n sì bá bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ gun òkè. "Ẹ sọ̀ ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì," Láńre kọ ọ́ ránṣẹ́. "Èmi náà kò ní mọ́tò, n kò sì lè fi Màmá mi sílẹ̀ jìnnà, àmọ́ ibẹ̀ ni màá ti pàdé yín." Ètò náà gún régé.

Títí di ìgbà tí Rahmah sọ fún Bethany.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Bethany, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Wọ́n jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù oníṣíkìn kan ní títì Rye Lane, tí òjò ń rọ̀ níta, nígbà tí Bethany lu tábìlì.

"Wàá gba Florence kọjá? Ní Easter? Ibẹ̀ làwa náà máa wà o, èmi àti Mummy àti Daddy!"

"A ò ní dúró níbẹ̀," ni Rahmah wí. "Ọ̀dọ̀ aunty mi là ń lọ."

"Kí lo máa lọ ṣe lábúlé? Wàá lọ máa ka ewúrẹ́?" Bethany bú sẹ́rìn-ín. "Babes, sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ kan péré. Ta ló máa mọ̀?"

Rahmah rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Kò tíì lọ ìsinmi kankan rí láyé rẹ̀. Ní gbogbo September tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi àwòrán etíkun han ara wọn, òun a máa ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì. Láti ọdún tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, òun ló ń se oúnjẹ, òun ló ń fọṣọ. Ọjọ́ kan péré. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù fún un ni?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Mummy, Brother Láńre ní bọ́ọ̀sì abúlé kì í ṣiṣẹ́ ní Jímọ̀. Àfi ká sùn ní Florence, ká lọ ní Sátidé."

Ojú Àsúmáù rẹ̀wẹ̀sì. "Kò sí ọ̀nà mìíràn rárá?"

"Kò sí, Mummy. Mo ti wá a títí."

Rahmah wá kọ̀wé sí Láńre pé ó rẹ ìyá òun, pé dókítà ní kí ó fi ọjọ́ kan kún ìsinmi rẹ̀. Irọ́ kan kì í dá gbé, àfi kó bí òmíràn. Èsì Láńre kò pẹ́: "Ó dáa. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tètè kúrò ní Florence. Ní Sátidé, bọ́ọ̀sì ọ̀sán ló máa ń kẹ́yìn, kò tún sí òmíràn títí di Mọ́ńdè. Màmá mi ń bèèrè yín ní gbogbo ìgbà."

Wọ́n gbéra. Àsúmáù fara da Paris, ó fara da Milan, ó ń dì mọ́ apá ọmọ rẹ̀ lórí gbogbo àtẹ̀gùn. Ní alẹ́ Jímọ̀ ní Florence, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ní, "Ọ̀la, in ṣáà Al-lá. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró dè mí di ọ̀la."

Rahmah yí ojú sí ògiri.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó ní òun fẹ́ lọ ra omi. Bethany ń dúró dè é lẹ́bàá odò. Wọ́n ya àwòrán lórí afárá, wọ́n lá áíìsì kiriimu, wọ́n ya àwòrán mìíràn. "Díẹ̀ sí i," ni Bethany ń wí, "ṣebí ọkọ̀ pọ̀." Nígbà tí Rahmah fi padà dé hòtẹ́ẹ̀lì, ìyá rẹ̀ ti gbé àpò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jókòó lé e lórí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí gúlegúle. Ọkọ̀ ojú irin tó yẹ kí wọ́n wọ̀ ti lọ.

Wọ́n wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀ kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè, kò sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀. Òpó bọ́ọ̀sì nìkan ló dúró sínú oòrùn. Rahmah ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bọ́ọ̀sì ọ̀sán ti lọ. Sọ́ńdè, òfo.

"Ó máa dé nígbà wo?" ni ìyá rẹ̀ bèèrè.

Rahmah fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó pe Láńre, kò gbé e. Ó tún pè é. Ó pe nọ́ńbà takisí tó rí lórí ògiri, ó ń dún lásán. Àsúmáù ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ di àyà mú, ètè rẹ̀ ti funfun. Fóònù Rahmah wá dún. Láńre ni, ẹkún ló ń sun.

"Ibo lẹ wà? Ẹ tètè máa bọ̀. Màmá mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Lánàá, ẹnu wọn já gaara. Láti àárọ̀ yìí ni wọ́n ti ń pe Aunty Àsúmáù, wọ́n ń pè é ṣáá, wọ́n wá dákẹ́ lójijì. Wọn kò fọhùn mọ́!"

Àsúmáù gbọ́. Ó dìde láti fi ẹsẹ̀ gun òkè náà. Kò rìn jìnnà tó fi kúnlẹ̀ sẹ́bàá títì, tí ó ń ké pé, "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi o!"

Rahmah sáré lọ sáàárín ìlú kékeré náà bí ẹni tí iná ń lé. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀bẹ̀, ó ń na fóònù sí àwọn èèyàn kí wọ́n lè ka ohun tó fẹ́ sọ lédè Ítálì. Àwọn kan mi orí, àwọn kan ti ilẹ̀kùn. Nígbẹ̀yìn, bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ka ọ̀rọ̀ náà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì lọ gbé ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń ru ẹrù oko. Ẹnìkan péré ló lè jókòó ti awakọ̀. Wọ́n gbé Àsúmáù sí i. Ọkọ̀ náà kígbe, ó gun òkè lọ.

Rahmah fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀nà náà ń lọ́ káàkiri láàárín àwọn igi ólífì tí ewé wọn ń dán bíi fàdákà. Ẹyẹ ń ké, agogo ń lù jẹ́jẹ́ lókèèrè. Ibi tó rẹwà ni. Ó rí i pé bí wọ́n bá ti wọ bọ́ọ̀sì ọjọ́ Jímọ̀, òun ì bá ti jókòó ti ìyá òun lójú fèrèsé, àwọn méjèèjì ì bá ti jọ wò ó. Ó ń sunkún, ó ń rìn.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Láńre ló dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

"Wọlé," ló wí. Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Aunty Àsúmáù bi mí pé kí ló dé tí mo fi ní kò sí bọ́ọ̀sì ní Jímọ̀. Mo ní n kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Rahmah, kí lo ṣe yìí?"

Nínú yàrá, Aunty Hameedah dùbúlẹ̀ gbalaja, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì wo ibì kan. Àsúmáù kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ dárí jì mí. Kí lẹ fẹ́ sọ fún mi? Ẹ sọ ọ́, mo ti dé." Bí ó ṣe ń wí i nìyẹn títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò bojú wẹ̀yìn wo ọmọ rẹ̀.

Aunty Hameedah kú ní ìdájí Mọ́ńdè. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n gba ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ padà sí Peckham, ọ̀rọ̀ kò sì kọjá "jẹun" àti "ó yá" láàárín wọn. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí mọ́ṣáláṣí ti ṣe àdúà fún olóògbé, ìyá àti ọmọ ń rọra padà bọ̀ wá sílé. Àsúmáù dúró láti sinmi lẹ́bàá ògiri kan. Rahmah kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lójú títì, láàárín àwọn tó ń kọjá.

"Mummy, ẹ nà mí. Ẹ bú mi. Ẹ ṣáà bá mi sọ̀rọ̀."

Àsúmáù fà á dìde. "Mi ò ní nà ọ́. Ó dàbí ẹni pé Ẹ̀gbọ́n mi rọra tẹ ọwọ́ mi nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n. Ó tún dàbí ẹni pé wọn kò tẹ̀ ẹ́. Títí màá fi kú, n kò ní mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ojú mi ni mo yọ fún ọ, Rahmah. Mo ní kí o mú mi lọ. Mo ti dárí jì ọ́, torí ìwọ ni ọmọ tí mo bí. Àmọ́ ìdáríjì mi kò lè mú ọjọ́ Jímọ̀ yẹn padà wá."

Ó na ọwọ́ rẹ̀. Rahmah gbé èjìká rẹ̀ sábẹ́ apá ìyá rẹ̀, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá fọkàn tán wa ti fi ojú rẹ̀ síkàáwọ́ wa. Ibi tí a bá darí rẹ̀ sí ni yóò gbà. Ẹ má ṣe tìtorí adùn ọjọ́ kan ṣi ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Ẹyin lohùn: bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni irọ́ tó kéré lójú ẹni tó pa á lè gba ohun tó tóbi jù lọ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á gbọ́.