Ta Ló Ni Fèrè Ọparun Yìí?

“Tiwa ni! Atẹntẹbẹn ló ń jẹ́, ní Ghana níbí la ti ń fọn ọ́n!”

“Irọ́ burúkú! Fèrè ló ń jẹ́, Nàìjíríà ló ti wá! Bàbá mi àgbà ló fọwọ́ ara wọn dá ihò sí i!”

Báyìí ni Kojo àti Tòyíbàt ṣe ń pariwo mọ́ra wọn láàárín agboolé wa ní Sawaba, ní Kumasi, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí ọyẹ́ ń da eruku bò wá lójú. Mò ń ká aṣọ lórí okùn, mo bá dúró gbọ́. Twi, èdè Kumasi, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìjà náà, wọ́n bu Gẹ̀ẹ́sì sí i, nígbà tí inú Tòyíbàt sì ru tán, Yorùbá ló ń rọ lé Kojo lórí. Kojo tí kò gbọ́ ju “ẹ káàárọ̀” lọ náà sì ń fèsì. Ẹ ò rí i pé ìjà ò nílò ògbufọ̀!

Ohun tó fa wàhálà ò tó nǹkan. Tíṣà wọn ló ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tó jẹ́ ti ìran rẹ̀ wá fún ọjọ́ àṣà nílé ìwé. Kojo wá láti Santasi, ó ní òun fẹ́ yá fèrè ọparun tó wà lọ́wọ́ Bàbá Bákàrè, bàbá àgbà Tòyíbàt, nítorí pé Nana Opoku, bàbá àgbà tòun, ló gé ọparun náà. Tòyíbàt ní kò jọ ọ́. Òun gan-an ló fẹ́ mú un lọ.

Bàbá Bákàrè jáde síta pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ wọn sì ti ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n etí wọn mú ju ti èmi lọ.

“Kí lẹ̀ ń jà sí?”

Àwọn ọmọ méjèèjì rojọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín.

“Opoku ló gé ọparun yẹn létí odò ní Santasi. Èmi ni mo fi ìṣó gbígbóná dá ihò sí i, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orin tí à ń fi í fọn, ìyá Opoku ló kọ́ wa. Ó yá, ẹ mú ọ̀bẹ wá, ẹ jẹ́ ká pín in.”

“Bàbá, ẹ má fi wá ṣeré,” ni Tòyíbàt wí. “Ti ta gan-an ni?”

“Tiwa ni, Àjọkẹ́.” Oríkì tí Bàbá fi ń pè é nìyẹn.

“Àwa wo?”

Bàbá kàn mi orí, wọ́n padà sínú yàrá. Kojo lọ sílé lọ́wọ́ òfo, inú ń bí i. Tòyíbàt sì gbà pé òun ti borí.

Àwa tí a dàgbà sí Sawaba mọ ìtàn fèrè náà. Ní ọdún 1969, nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò níwèé kó ẹrù wọn máa lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin ni Bàbá Bákàrè. Ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, Bàbá fi í sílẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, wọ́n fi í sílẹ̀. Fèrè nìkan ni Bàbá rí ẹni tó máa bá wọn ṣọ́ ọ, ìyẹn Opoku ọ̀rẹ́ wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Bákàrè máa ń fi òrí pa fèrè yẹn kí ó má baà gbẹ. Opoku, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tòótọ́, kò jẹ́ kí ọjọ́ Jímọ̀ kan kọjá kó má pa á, títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi padà dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó gbé fèrè jáde, ó ń dán. Àwọn méjèèjì sunkún bí ọmọdé. Ọjọ́ náà ni wọ́n bá ara wọn ṣèlérí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kú, èkejì á fọn fèrè náà sin ín.

Nígbà tí ọwọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Tòyíbàt ni wọ́n gbé iṣẹ́ òrí lé lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti ti mọ́sálásí dé lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo agboolé á gbọ́: “Àjọkẹ́, ṣé o ti pa á?” Ọmọ náà á sì dáhùn pé, “Mo ti pa á, Bàbá.” Òótọ́ sì ni, tẹ́lẹ̀.

Bàbá gbà kó mú fèrè lọ sílé ìwé. “Bó ṣe lọ ni kó ṣe bọ̀ o,” ni wọ́n wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Tòyíbàt ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Ìmísí, tí àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, tí wọ́n ń ta fóònù ní Dichemso. Ọmọ dáadáa ni Ìmísí, àfi ẹnu. Àárọ̀ ọjọ́ àṣà, Tòyíbàt yà sílé wọn kí wọ́n lè jọ lọ. Ìmísí yí fèrè náà síwá sẹ́yìn.

“Tòyí, ta ló máa gbà ẹ́ gbọ́? Kojo á kàn dìde ni, á ní tiwọn ni, gbogbo kíláàsì á sì gbè é lẹ́yìn. Ṣé o ò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ jù wá lọ ni?”

“Kí ni kí n wá ṣe?”

“Kọ orúkọ sí i lára. Kọ YORÙBÁ sí i, gàdàgbà. Màá fi fóònù yà á, màá gbé e síta. Ká wo ẹni tó máa jiyàn.”

Tòyíbàt kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní Bàbá ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìmísí bá sọ̀rọ̀ kan tó dùn ún wọra: “Àbí kò dá ìwọ alára lójú pé tiwa ni? Ìwọ tí wọ́n bí sí Ghana.”

Háà! Ọmọ tí àwọn ará ibí ń pè ní àlejò, tí àwọn tó ti ilé dé tún ń pè ní ará Ghana, Ìmísí tún wá fi ìka kan ojú egbò rẹ̀. Tòyíbàt ki ìṣó kan bọnú èédú tí ìyá Ìmísí fi ń se oúnjẹ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìṣó gbígbóná kan náà ni Bàbá fi dá ihò sí i, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Kò rántí pé ọparun tútù ni Bàbá dá ihò sí nígbà náà. Eléyìí ti ju àádọ́ta ọdún lọ, ọyẹ́ ti fa gbogbo omi ara rẹ̀ gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni Tòyíbàt, nítorí ìmúra ọjọ́ àṣà, ti gbàgbé òrí láti bí ọjọ́ mélòó kan.

Ó kọ Y. Ó kọ O. Bó ṣe fi ìṣó kàn án kó kọ R, fèrè náà dún “kẹ́.” Ó là láti ẹnu dé ihò kẹta.

Ìmísí sọ fóònù kalẹ̀. “Yéè! Tòyí, má bínú.”

Tòyíbàt ju ìṣó nù. Ó fi aṣọ wé fèrè náà. Nílé ìwé, ó ní òun ò rí nǹkan mú wá. Kojo wò ó, ó ṣe é ní kàyéfì.

Nígbà tó délé, Bàbá bi í pé, “Ṣé fèrè mi ti dé?”

“Ó ti dé, Bàbá.”

“Kò ṣe nǹkan kan?”

“Kò ṣe nǹkan kan.”

Ó fi í pamọ́ sínú àpótí Bàbá, nínú aṣọ tí wọ́n máa ń fi wé e.

Kò pẹ́ rárá tí Kojo fi wá lówùúrọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ó kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Bákàrè, ó ní Nana ti lọ. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí. “Opoku,” ni wọ́n ń wí, “Opoku, o ò dúró dè mí.” Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá Bàbá Bákàrè gbé, n ò rí omijé wọn rí àfi ọjọ́ yẹn.

Àwọn ará Kumasi kì í kánjú sin òkú àgbà. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi múra ìsìnkú Nana. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ inú oṣù náà ni Bàbá ń béèrè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: “Àjọkẹ́, pa á dáadáa o. Ó ti fẹ́ lọ sin ẹni tó gé e.”

“Mo ti pa á, Bàbá.”

Lẹ́ẹ̀kan, mo rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà Bàbá, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó ra gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù kò mú un. Ọmọ náà rù hangogo. A rò pé ìdánwò ló ń dà á láàmú.

Ọjọ́ Sátidé pé. Santasi pọ́n fòò, ó dú kirikiri, gbogbo èèyàn ló wọ aṣọ ọ̀fọ̀ pupa àti dúdú. “Due, due,” ni wọ́n fi ń kí ara wọn, bí àwa ṣe ń sọ pé ẹ kú àràfẹ́rakù. Àwọn kan ní mọ́sálásí wa ti kùn pé kí ni Bàbá ń wá nídìí òkú onígbàgbọ́. Bàbá ní ìlérí ni ìlérí ń jẹ́.

Kí wọ́n tó dé pósí, olórí ẹbí dìde, ó yíjú sí Bàbá. “Agya Bákàrè,” ló wí, “ẹ̀yin ló kù.”

Tòyíbàt ló gbé àpò fèrè. Bàbá na ọwọ́, ọmọ náà kò gbé e fún wọn. “Àjọkẹ́?” Ó wá gbé e fún wọn. Bàbá tú aṣọ, wọ́n fi ìka tọ fèrè náà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìka wọn kan lẹ́tà tí iná jó sí i. Ó kan ibi tó là. Ó dúró síbẹ̀.

Bàbá kò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé fèrè sẹ́nu, wọ́n fọn ọ́n. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Wọ́n fi àtàńpàkò dí ibi tó là, wọ́n tún fọn ọ́n. Afẹ́fẹ́ náà ni. Kojo jáde láàárín àwọn ẹbí, ó fi ìka tirẹ̀ kún un. Ìka kò tó. Ọmọkùnrin náà bú sẹ́kún.

“Opoku,” ni Bàbá wí ní Twi, “má bínú sí mi. Ìwọ tọ́jú tèmi, èmi ò tọ́jú tìẹ.”

Bàbá tẹ́ fèrè náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n dé pósí.

Inú ọkọ̀ tirotiró tó ń gbé wa padà sí Sawaba ni Tòyíbàt ti jẹ́wọ́, pẹ̀lú ẹkún tí kò jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tán. Bàbá jẹ́ kó sọ ọ́ dópin.

“Ìṣó yẹn dùn mí,” ni Bàbá wí, “ṣùgbọ́n ọmọdé lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọparun tó là ní àtúnṣe, Àjọkẹ́. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ náà, òwú àti ìda oyin ni mo máa fi dì í, á gbẹ kí ọ̀sẹ̀ tó pé, á sì dún. Odidi oṣù kan lo fi ń sọ fún mi pé o ti pa á. Ìyẹn gan-an ni kò ní àtúnṣe.”

“Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tiwa ni.”

“Mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ pé tiwa ni. Èmi àti Opoku ni mò ń wí.”

Wọ́n dárí jì í. Ta ló máa bínú sí ọmọ ọmọ rẹ̀ títí? Ṣùgbọ́n Bàbá kò dárúkọ fèrè mọ́ láti ọjọ́ náà. Kojo ṣì ń wá sí agboolé wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òun àti Tòyíbàt á jókòó, kò sẹ́ni tó ń jiyàn mọ́. Kí ni wọ́n tún fẹ́ jà sí? Ilẹ̀ Santasi ti gbà á.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí, àwọn baba wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ méjì fi ìfẹ́ ṣe, ẹ má fi orúkọ ìlú kankan là á. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Tòyíbàt mọ èyí báyìí. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá ti pé, ó ṣì máa ń gbé igbá òrí jáde, ó sì ń fi pa ọwọ́ Bàbá tó ń gbọ̀n, nítorí kò sí nǹkan mìíràn tó kù láti pa.