Odò Tó Gbẹ Lẹ́nu Ihò Yìnyín

Igi tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ lórí ni Eydís kọ́kọ́ rí lẹ́nu ihò tí omi gbẹ́ sínú òkè yìnyín, ó sì bínú. Iṣẹ́ ọwọ́ Grímur, amọ̀nà tí òun àti bàbá Eydís jọ ń du àlejò, ni, kò sí ẹlòmíì. Láàárín àwọn amọ̀nà tó ń mú àlejò wá sábẹ́ òkè yìnyín yìí, kí ẹnikẹ́ni má wọlé ni aṣọ pupa túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù tó kọjá, Grímur ri irú igi yìí síbẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn àlejò tirẹ̀ nìkan ló wà nínú ihò, tí wọ́n ń ya fọ́tò.

Ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Þórir, bàbá Eydís, máa gbẹ́kẹ̀ lé ojú ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Eydís. Orúnkún ń dun bàbá rẹ̀, kò lè gun ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó wá ní kí Eydís ṣáájú lọ yẹ ihò wò, kó sì fi fóònù pe òun. Bó bá ti ní ó dára, òun á kó àwọn àlejò bọ̀: tọkọtaya kan àti ọmọbìnrin wọn kékeré.

Eydís wo ilẹ̀. Ipa bàtà ẹnì kan ṣoṣo wọlé, ó sì jáde. Ó tan iná sí òrùlé, kò rí ibi tó sán. Odò kékeré tó máa ń ti inú ihò ṣàn jáde pàápàá ti gbẹ, òkúta rẹ̀ nìkan ló kù. Ó rò pé ìyẹn á mú kí ìrìn rọrùn fún ọmọ kékeré náà. Kí wá ni Grímur rí tí òun ò rí? Ó kàn ń tọ́jú ibẹ̀ de àwọn àlejò rẹ̀ ni.

Ó fa igi náà tu, ó gbé e sẹ́yìn àpáta, ó sì pe bàbá rẹ̀. Bàbá bi í bóyá nǹkan kan wà tó yẹ kí òun mọ̀. Ó ní kò sí.

Nígbà tí wọ́n dé, Þórir bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń de irin eléyín tí kì í jẹ́ kéèyàn yọ̀ mọ́ abẹ́ bàtà ọmọ náà tó jókòó lẹ́nu ihò. Bẹ́ẹ̀ ni Grímur sáré gòkè wá, ó ń mí hẹlẹ, ó sì dúró gbagidi sẹ́nu ihò.

"Ta ló tu igi mi?"

"Èmi ni," Eydís dáhùn. "Ẹ kúrò lọ́nà, Grímur. Ṣé àlejò tiyín nìkan ló lójú ni?"

Þórir gbójú sókè. "Igi wo?"

Eydís tọ́ka sẹ́yìn àpáta. Grímur ò bá a jà. Ó kàn bi í pé, "Odò dà?"

"Ó ti gbẹ."

"Òjò rọ̀ láti àná, odò wá gbẹ. Níbo lo rò pé omi yẹn wà?"

Ojú Þórir yí padà. Ó gbé ọmọ náà sápá, ó ní kí gbogbo wọn gun ẹ̀gbẹ́ òkè kíá. Wọn ò tíì simi tán lókè nígbà tí nǹkan dún nínú ihò bí ọkọ̀ akóyanrìn tó ń da òkúta. Yìnyín tó dí omi lọ́nà já. Omi dúdú tú jáde, ó ń yí yìnyín tó tó ilé adìyẹ, ó sì gba orí ibi tí ọmọ náà ti jókòó.

Nígbà tó yá, Eydís bi Grímur nípa ìgbà òtútù tó kọjá. Grímur ní odò gbẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀sán ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ni òun bá yọ igi, òun sì wọlé. "Ká ní o bi mí, ǹ bá ti sọ fún ọ."

Þórir ò pariwo mọ́ Eydís. Ó ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fi pamọ́ náà fún àwọn àlejò. Ó sọ ọ́. Ìyá ọmọ náà kàn fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Títí òtútù ọdún náà fi parí, Eydís ò tún yẹ ihò kankan wò fún bàbá rẹ̀.

Èyí tó dùn ún jù ni pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìwà Grímur ló ń yẹ̀ wò nígbà tó yẹ kó máa yẹ yìnyín àti odò wò. Ẹni tó bá fẹ́ wọ irú ibẹ̀ kó sì padà láàyè, kò gbọdọ̀ ti àmì ewu sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé kò fẹ́ràn ẹni tó fi í síbẹ̀. Kó kọ́kọ́ béèrè ni.