Ilẹ̀ Tí Moyọ̀sọ́lá Fi Ọdún Méjì Yàn

"Obìnrin tó ń yọjú wo inú kànga oníkànga kiri, òun náà ló fẹ́ yan ibi tí àbúrò mi máa gbé!"

Lydia ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá méjì tí Gbádéyan àbúrò rẹ̀ háyà sẹ́yìn gáréèjì ní Ore, ó sì rí i dájú pé gbogbo ará ilé gbọ́. Gbádéyan fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń tayín, kò gbèjà ìyàwó rẹ̀ rárá. Ọkùnrin yẹn ò níláárí, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí kí ẹ má baà ṣàánú rẹ̀ tó bá yá. Moyọ̀sọ́lá, ìyàwó tí wọ́n ń bú, ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ó ní, "Àǹtí, bí ẹ bá ti sọ tẹnu yín tán, ẹ yà fún mi, mo fẹ́ gbé ẹ̀wà kaná."

Ìwé ìkọ̀wé kan ló ń bí Lydia nínú. Láti ọdún méjì tí tọkọtaya náà ti fẹnu kò pé àwọn máa kúrò nílé háyà, kí àwọn kọ́ ilé tiwọn, kí wọ́n dáko, kí wọ́n sì sin adìyẹ, Moyọ̀sọ́lá ti wo gbogbo Odigbo káàkiri, ó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ní Ore, ọsibítù ò jìnnà, kò sí ohun téèyàn gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí kì í tà, Miracle ọmọ wọn á sì fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé. Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń gé fúnni níbẹ̀ ò gba ilé àti oko pọ̀, Oṣù Kejìlá ni kànga ti ń gbẹ, ariwo tírélà ò sì ní jẹ́ kí adìyẹ fara balẹ̀ yé ẹyin. Ní Ago Alaye, ilẹ̀ dára, àmọ́ ẹjọ́ wà lórí èyí tí wọ́n fi hàn án. Ajue ló wá dúró lé, lórí ilẹ̀ ẹbí bàbá rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ni, odò ibẹ̀ kì í gbẹ, ọ̀kadà á sì gbé ẹ̀fọ́ dé Ore kó tó rọ. Ó lọ síbẹ̀ lójò, ó lọ lẹ́ẹ̀rùn. Ta ló lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Bàbá Akínṣọlá, àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, gbà láti fún un nílẹ̀ náà ní Sátidé kan nínú Oṣù Kejì. Ni Gbádéyan bá parọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé Bàbá ti sún ọjọ́ náà síwájú. Nígbà tí Sátidé pé, ó wọ aṣọ funfun tuntun, òun àti Lydia gba Ajue lọ. Wọ́n fẹ́ sọ fún Bàbá pé Moyọ̀sọ́lá ò fẹ́ gbé inú igbó mọ́, kí ó kọ ilẹ̀ náà sórúkọ ọkọ. Ẹ ò rí ìwà ọ̀dàlẹ̀!

Elisha, àlejò tó ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ ẹbí náà, rí wọn nígbà tí wọ́n ń kọjá, ó sì tẹ Moyọ̀sọ́lá láago. Ọ̀kadà ló gbé e débẹ̀. Ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú Bàbá, ó ń búra.

Gbádéyan ní, "Bí mo bá parọ́, kí mọ́tò tí mo ń wà má gbé mi délé. Èmi ni mo yẹ ilẹ̀ yìí wò. Obìnrin yìí kàn ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Ní ẹbí Moyọ̀sọ́lá, ẹni tí wọ́n bá máa fún nílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ààlà náà yí ká lójú àgbà, kó sì nawọ́ sí ibi tó máa kọ́lé sí. Moyọ̀sọ́lá kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó rìn."

Gbádéyan rìn. Pórógun tí wọ́n gbìn sí ààlà ló ń wò tẹ̀ lé, ìyẹn ò le. Nígbà tó dé ibì kan tó tẹ́jú, tó mọ́ tónítóní, ó rí aṣọ pupa kan tí wọ́n so mọ́ igi. Ojú rẹ̀ là.

"Ibí yìí ni màá kọ́lé sí. Èmi ni mo so aṣọ yẹn."

Elisha bú sẹ́rìn-ín. Bàbá bi Moyọ̀sọ́lá léèrè ohun tí aṣọ náà wà fún.

Ó dáhùn pé, "Ibi tí odò kún dé ní Oṣù Keje ni, Bàbá. Èmi ni mo so ó, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ́lé síbẹ̀."

Lydia ní kí wọ́n má dá Elisha lóhùn, pé àjèjì ni. Elisha ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo máa gbé epo ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yìí fún? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí yìí ní kí n máa gbé e fún Bọ́látitó tó ń ta ọtí ní gáréèjì, pé Bọ́látitó ni ìyàwó tí Gbádéyan máa gbé wá síbí. Ó ní iwájú títì ni òun máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù tòun sí."

Bàbá Akínṣọlá fa Moyọ̀sọ́lá mọ́ra, ó ní, "Ọma mi, ilẹ̀ bàbá rẹ nìyí." Ó ní kí ẹsẹ̀ àna òun má tẹ ibẹ̀ mọ́. Ní ti Lydia, tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ Ajue ló ń rà ṣe gàrí tó ń tà ní Ore, ó ní kí ó lọ wá ẹ̀gẹ́ síbòmíràn, torí kò ní sí ẹni tó máa tà á fún un ní Ajue títí ayé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ojú Lydia wálẹ̀ lọ́jọ́ ayé rẹ̀, ọjọ́ náà ni.

Gbádéyan dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀. "Ìyá Miracle, ṣàánú mi. Ilé àwa méjèèjì ṣáà ni a fẹ́ kọ́."

Ọdún méjìlá ni Moyọ̀sọ́lá ti fi ń sọ "ẹ" fún un. Ó gba àdá lọ́wọ́ Elisha, ó gun òkè lọ sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti yàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó.

Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Dìde, Gbádéyan. Mo ti wọn ilé náà tán. Kò sí yàrá tìẹ níbẹ̀."