Kí Ló Dé Tí Rongo Kò Ní Ìrọ̀rí?

Akaiti jí ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó na ara. Ó gbá ìrọ̀rí rẹ̀ mọ́ra.

Ìrọ̀rí náà rọ̀ jọjọ. Òwú àràbà ló wà nínú rẹ̀. Òdòdó pupa ló wà lára rẹ̀. Ìyá àgbà ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an.

Ìyá àgbà rán ti Bàbá. Ó rán ti Màámi. Ó tilẹ̀ rán ti pásítọ̀ tó wá sùn sílé wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n Rongo, àbúrò Akaiti tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kò ní ìrọ̀rí. Ibùsùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Hùn. Ara fu Akaiti.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni bàálù balẹ̀ sí Atiu, erékùṣù tí wọ́n ń gbé. Fùùùùù. Àǹtí Moeroa, ẹ̀gbọ́n Màámi, ló ti Rarotonga, erékùṣù mìíràn, dé. Àǹtí kò ní ọmọ.

Àǹtí gbé Rongo. Àǹtí kọrin fún Rongo. Àǹtí kò gbé Rongo sílẹ̀.

Hùn. Ara tún fu Akaiti.

Ó rántí Pouri, ọmọ ilé kejì. Àǹtí Pouri ló gbà á tọ́ láti kékeré, ó sì gbé e lọ sí Rarotonga. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Atiu, ẹnikẹ́ni kì í bínú sí i. Kérésìmesì nìkan ni Pouri ń wálé.

Akaiti ronú. Àlejò ọjọ́ kan ní ìrọ̀rí. Rongo kò ní. Àbí Rongo kò ní pẹ́ nílé yìí ni?

Akaiti fò dìde.

Ó gbé ìrọ̀rí tirẹ̀. Ó ń yọ́ rìn, kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́. Ó gbé e sí ibùsùn Rongo. Rongo ti di ará ilé nìyẹn.

Akaiti lọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tó padà, Rongo ti sùn pẹrẹsẹ. Ìrọ̀rí ti wà lórí àga.

Nígbà tí wọ́n gbé Rongo lọ wẹ̀, Akaiti tún gbé e síbẹ̀. Kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́, kẹ́lẹ́. Kò pẹ́, ìrọ̀rí ti bá ara rẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Hùn! Ta ló ń ṣe é? Akaiti gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì.

Ẹsẹ̀ ń bọ̀. Pà, pà, pà. Àǹtí Moeroa ni, ó gbé Rongo lọ́wọ́ kan. Ó mú ìrọ̀rí, ó fi há abíyá.

Akaiti jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.

"Àǹtí, mo ti mọ̀. Ẹ fẹ́ gbé àbúrò mi lọ."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ ò jẹ́ kó ní ìrọ̀rí bíi tiwa."

Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ Rongo sí ibùsùn, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Ó ní kí Akaiti wò ó dáadáa.

Akaiti wò ó. Ọrùn Rongo kò tíì le. Imú rẹ̀ kéré. Ọwọ́ rẹ̀ kéré gan-an.

"Tí ìrọ̀rí bá bò ó nímú ńkọ́?" Àǹtí bi í. "Ṣé á lè tì í kúrò?"

Akaiti mi orí. Kò ní lè tì í. Kò ní lè mí.

Omi lé ròrò sójú Akaiti. Òun gan-an ló ń gbé ìrọ̀rí síbẹ̀.

"O ò mọ̀ ni," Àǹtí sọ. "Tó bá pé ọmọ ọdún méjì, ìyá àgbà á rán tiẹ̀."

Ṣùgbọ́n ara ṣì ń fu Akaiti. "Ẹ ò wá ní gbé e lọ?"

Àǹtí fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Rongo. "Mo tọrọ ẹ̀ lóòótọ́. Màmá ẹ ní òun ò lè yọ̀ǹda ẹ̀. Mo kàn ń gbé e jó kí n tó lọ ni."

Àánú Àǹtí ṣe Akaiti. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Láti ọjọ́ náà, Akaiti di ọlọ́dẹ. Bàbá gbé ẹja ìṣeré aláṣọ wá fún Rongo. Akaiti gbé e kúrò nínú ibùsùn. Màámi gbàgbé aṣọ ìnura síbẹ̀. Akaiti gbé e kúrò.

Nígbà tí Àǹtí ń lọ, Akaiti dúró títí bàálù fi gbéra. Ó wẹ̀yìn. Rongo wà lọ́wọ́ Màámi, ó ń la ẹnu yán.

Rongo jókòó. Rongo rìn. Rongo sáré. Rongo pé ọmọ ọdún méjì.

Ìyá àgbà rán ìrọ̀rí kékeré kan fún un, òdòdó aláwọ̀ ewé ló wà lára rẹ̀.

Rongo wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́, pùsù. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó gun ibùsùn Akaiti, ó gbé orí lé ìrọ̀rí Akaiti. Ó ti sùn lọ.

Akaiti sún fún un.