Gbólóhùn Kan Tí Abẹ-Òfin Fi Kún Ìwé Ìbúra

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin tí ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ máa ń dùn mọ́ nínú, ẹ fà mọ́ mi níbí. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ẹnu kọ́ ni mo wá wá, etí ni. Ìtàn agbẹjọ́rò kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, ọkùnrin tó mọ òfin bí ẹní mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, tí kò sì mọ̀ pé ẹjọ́ tirẹ̀ gan-an ti wà nílẹ̀, tí wọ́n ti ń pè é, tí kò jẹ́.

Abẹ-Òfin ni orúkọ tí àwọn olùgbọ́ rédíò fún un. Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ Sátidé, òun àti agbẹjọ́rò méjì mìíràn a máa jókòó yí tábìlì kan ká ní iléeṣẹ́ rédíò, ife omi kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, wọn a sì máa tú àwọn ẹjọ́ tó wà ní kóòtù palẹ̀ fún aráàlú. Ta ni orúkọ rẹ̀ lè wà lórí ìwé ìbò? Ẹgbẹ́ wo ni ìbò abẹ́lé rẹ̀ mẹ́hẹ? Alágbàfọ̀ a gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Awakọ̀ a dín eré kù.

"Lọ́yà," sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bi í lọ́jọ́ kan, "olùdíje tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín yìí, ṣé ẹjọ́ tí wọ́n pè é lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí ìwé ìbò?"

"Ọkùnrin yẹn ní òun jáde ilé ẹ̀kọ́ girama," ni Abẹ-Òfin wí. "Mo gbà fún un pé ó jáde. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹnu ọ̀nà ló gbà jáde, àbí ojú fèrèsé."

Ẹ̀rín bú. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò kejì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Ìjọ nítorí pé kì í tijú Kristi níbi kankan, mi orí.

"Ọ̀rẹ́ mi, ẹjọ́ ṣì wà níwájú adájọ́ o. Má dá a kí adájọ́ tó dá a."

"Ìwọ máa kọrin, jẹ́ kí èmi máa gé e."

Àwọn tó ń gbọ́ rò pé ìfẹ́ ìlú ló ń sọ̀rọ̀. Irọ́ ni, ẹ̀san ni.

Ọdún mọ́kànlá ṣáájú ìgbà náà, Abẹ-Òfin àti Ẹlẹ́rìn-ín jọ ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ agbẹjọ́rò kan náà. Ẹlẹ́rìn-ín ni akọ̀wé àgbà ibẹ̀, abẹ́ àṣẹ rẹ̀ ni gbogbo fáìlì wà. Ó gbàgbé fáìlì ẹnì kan tí Abẹ-Òfin ń gba ẹjọ́ rẹ̀ rò sínú dúrọ́ọ̀ títí ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù fi kọjá, ẹni náà sì pàdánù ẹjọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn agbẹjọ́rò wí jókòó, Ẹlẹ́rìn-ín dúró gbọin-in, ó ní, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé fáìlì náà lé lọ́yà yìí lọ́wọ́." Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àga ẹlẹ́rìí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n ní Abẹ-Òfin kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ agbẹjọ́rò fún ọdún méjì. Láàárín ọdún méjì yẹn ni ìyá rẹ̀ kú. Ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìtìjú yẹn ló pa á.

Wàyí o, ẹ̀rín náà ti wà lára gbogbo ògiri, lórí àwòrán ìpolongo tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Kí Abẹ-Òfin tó dé ibi iṣẹ́ lójúmọ́, ó kéré tán, Ẹlẹ́rìn-ín mẹ́rìnlá ti rẹ́rìn-ín sí i. Á máa kà wọ́n. Á máa sọ nínú ọkọ̀ pé, "Ẹ máa rín in. Eyín yẹn ni mo máa ká."

Àwọn àgbà ní a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ọ̀rẹ́ wa bínú, ó sì fi fìlà náà dé ibi tí kò yẹ.

Nígbà tí ẹgbẹ́ alátakò gbé Ẹlẹ́rìn-ín lọ sí kóòtù pé kò kàwé tó ẹni tí í díje, Abẹ-Òfin lọ bá wọn fúnra rẹ̀ pé kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún òun. Ẹlẹ́rìí ló kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, tó ń bá a lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀, ni akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín ní òun ti jáde. Ó ti fẹ̀yìn tì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rántí orúkọ ọkùnrin yìí láàárín àwọn tó kọ ìdánwò àṣekágbá?"

"Ọgbọ̀n ọdún ó lé, àbúrò! N kò rántí."

"Ẹ kò rántí, àbí kò sí níbẹ̀?"

"N kò rántí ni mo wí. Àbí ẹnu mi wú ni?"

Abẹ-Òfin jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tó dé ibi "N kò rántí," ìka rẹ̀ dúró. Ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Kò kọ ìdánwò náà rárá. Èmi ni mo to orúkọ wọn." Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i láì wọ gíláàsì. Ta ni í yẹ ọwọ́ ọmọ tó pọ̀n wò?

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bí kóòtù ṣe ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ìwé tí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí kò tíì di ẹ̀rí àfi tí ẹni tó ni ín bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síwájú akọ̀wé ìbúra ní kóòtù. Akọ̀wé á ka ìwé náà sí i létí, òun náà á gbé Bíbélì dání, á búra. Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ló máa ń gé ọ̀nà yìí kúrú. Wọn a kó ìwé jọ, wọn a fi rán ènìyàn, òǹtẹ̀ a sì bọ́ sí i. Abẹ-Òfin kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí akọ̀wé bá ka gbólóhùn yẹn sókè, ẹ̀gbọ́n òun á pariwo. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọjọ́bọ̀ ni ìrì sẹ̀.

Agbẹjọ́rò Ẹlẹ́rìn-ín, obìnrin àgbàlagbà kan, dìde, ó tẹríba díẹ̀ fún ẹlẹ́rìí.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Níbo ni ẹ ti fọwọ́ sí ìwé yìí?"

"Ní ọ́fíìsì àbúrò mi. Lórí tábìlì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù."

"Ta ló wá gba ìbúra yín?"

"Ìbúra wo? Òní ni mo kọ́kọ́ wọ ilé yìí láyé mi."

Abẹ-Òfin fò dìde láti ta kò ó. Adájọ́ ní kó jókòó. Obìnrin náà wá ka gbólóhùn náà sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn.

"Rárá o!" ni ẹ̀gbọ́n pariwo. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní n kò rántí!"

Kóòtù dàrú. Adájọ́ ju ìwé náà nù. Ó ní ìdájọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò lè dúró: irọ́ wà nínú ìwé ìbúra, ọwọ́ ìyá yìí ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí ó padà wá lọ́jọ́ Ajé wá sọ ibi tí gbólóhùn náà ti wá. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Wọ́n gba onídùúró rẹ̀. Ní ìjókòó iwájú, Ẹlẹ́rìn-ín na ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bí Abẹ-Òfin bá jẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òfin bọ́ lọ́wọ́ òun títí láé, ọ̀tá òun sì rín òun ní ẹ̀ẹ̀kejì. Bí ó bá dákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹ̀san lè fi ènìyàn dà. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé.

"Ẹ sọ pé ẹ ti sọ ọ́, pé ẹ gbàgbé ni. Ẹ ti dàgbà, adájọ́ á ṣàánú yín."

"Kí n ní mo ti ń ṣarán?"

"Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré! Ẹ kò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn fojú mi rí. Òun ló pa ìyá wa!"

Ẹ̀gbọ́n gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀. "Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá wa, àbúrò. Ìwọ kò sí níbẹ̀. O wà nínú yàrá kejì, ò ń kọ ìwé ẹ̀sùn lórí Ẹlẹ́rìn-ín. Ìyá kò bínú sí ọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ni pé kí n rí i pé o jẹun."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀san ti dí ọ létí."

Ó jáde láì kí i. Lọ́jọ́ Sátidé, ó tún jókòó sídìí tábìlì rédíò, ó gún adájọ́ lọ́rọ̀, ó sì gé Ẹlẹ́rìn-ín bí ẹni gé ilá. Nígbà tí ètò parí, Ọmọ Ìjọ tẹ̀lé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, bí wọ́n bá fún ọ láṣẹ lónìí, kí lo máa ṣe fún Ẹlẹ́rìn-ín?"

"Ohun tó ṣe fún mi ni! Kí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́. Kí wọ́n fi ẹlòmíràn nínú ilé rẹ̀ jìyà, kó máa wò ó."

"Ta ni wọ́n wá fẹ́ fi jìyà lọ́jọ́ Ajé, nínú ilé ta ni?"

Abẹ-Òfin yíjú sí ọ̀nà àbájáde.

"Ìwọ lo kọ gbólóhùn yẹn," ni Ọmọ Ìjọ wí. "Bíi pé n kò mọ̀ ọ́. Ẹlẹ́rìn-ín jẹ̀bi rẹ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ní tòun ni ẹ̀san. Ìwọ wọ aṣọ adájọ́ tí kì í ṣe tìrẹ fún ọdún mọ́kànlá. O ti ń ṣe olùpẹ̀jọ́, ò ń ṣe ẹlẹ́rìí, o tún ń ṣe adájọ́. Ẹjọ́ tìrẹ gan-an ńkọ́ níwájú Ọlọ́run? Irọ́ wà níbẹ̀. Ìkórìíra wà níbẹ̀, èyí tí Ọlọ́run kà sí ìpànìyàn. Kí ni àwíjàre rẹ?"

"N kò ní," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó dára. Ẹni tí kò ní àwíjàre ni Jésù ń gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Wọ́n ti dá ẹjọ́ náà, ikú ni. Òun ló bọ́ síbi tó yẹ kí o dúró sí, tó kú ikú rẹ. Jẹ́wọ́, kí o sì gbà á."

Ọmọ Ìjọ lọ. Abẹ-Òfin jókòó sínú ọkọ̀ nínú ọgbà rédíò, oòrùn ọ̀sán ń jó o, kò lè yí kọ́kọ́rọ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kò tíì jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ kankan sọ pé òun jẹ̀bi. Ó gbé orí lé ìdarí ọkọ̀, ó sunkún. "Olúwa, mo jẹ̀bi. Mo jẹ̀bi pátápátá. Jésù, gbà mí."

Lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bọ́ aṣọ agbẹjọ́rò, ó ká a sórí àga, ó sì lọ dúró síbi tí ẹlẹ́rìí máa ń dúró. Ó ní kí wọ́n fún òun ní Bíbélì.

"Ṣé o mọ ohun tí o fẹ́ ṣe sí ara rẹ?" ni adájọ́ bi í.

"Mo mọ̀, Olúwa mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò rántí. Èmi ni mo fi irọ́ sí i lẹ́nu, nítorí ìkórìíra."

Wọ́n tú ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. Wọ́n da ẹjọ́ náà nù. Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò títí láé, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín wọlé ìbò. N kò ní parọ́ fún yín pé ohun gbogbo dùn.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà kóòtù lọ́jọ́ Ajé yẹn, Ẹlẹ́rìn-ín dúró dè é láàárín àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. "Lọ́yà, ó mà ṣe o! Ta ló wá kàn?"

"Ọ̀gá," ni ọ̀rẹ́ wa wí, "ọ̀ràn fáìlì ọjọ́ sí, àwa méjèèjì mọ bó ṣe jẹ́. Mo ti dárí rẹ̀ jì yín. Mo parọ́ mọ́ yín ní kóòtù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ẹlẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ẹjọ́ tirẹ̀ wà lọ́wọ́ Ẹni tí kì í gbàgbé fáìlì, bí kò bá ronú pìwà dà.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ta ni ìwọ ń kà lára ògiri? Ọmọ ìyá rẹ tó jẹ ọ́ níyà, ọkọ tó já ọ sílẹ̀, ọ̀gá tó lé ọ lẹ́nu iṣẹ́? Ò ń sọ pé, "Ìgbà tí mo bá gbẹ̀san tán ni n ó tó ronú ti Ọlọ́run." Ta ló fi ìgbà náà dá ọ lójú? Ẹni tó gbẹ́ kòtò ìkà, kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀ nìkan ló lè já sí i. Àwọn tó fẹ́ràn jù ń rìn lẹ́bàá ibẹ̀. Ìwọ náà jẹ̀bi, ọ̀rẹ́ mi. Bí kóòtù ayé kò bá tíì pè ọ́, ti ọ̀run ń bọ̀. Kristi ṣì jẹ́ alágbàwí lónìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò jókòó bí adájọ́. Má dúró dìgbà náà. Níbi tí o wà yìí, kúnlẹ̀, sọ fún un pé o jẹ̀bi, fi ọ̀tá rẹ lé e lọ́wọ́, kí o sì gba ìdáríjì rẹ lónìí.

Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kóòtù náà nígbà yẹn, ló sọ ìtàn yìí fún mi. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní kóòtù, ìṣojú rẹ̀ ló ṣe; Abẹ-Òfin fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún un.