Má Ṣí Ilẹ̀kùn fún Micah

"Má ṣí i! Ayọ̀tọ̀míwá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má ṣí ilẹ̀kùn yẹn!"

Igbe yìí ló mú kí Olúyọmí sáré wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Ìjẹ̀bú-Òde, tòun ti àga tuntun tó rù wá fún wọn lórí. Ó rò pé olè ti wọlé. Kò rí olè. Ọmọge kan ló rí, apá kan irun rẹ̀ ti di ṣùkú, apá kejì ta gán-ún bí ìyẹ́ àparò tí òjò pa. Ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n ara ògiri, omi sì dúró lójú rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ń dán bí epo tuntun. Olúyọmí gbàgbé àga orí rẹ̀.

"Ẹ sọ àga yẹn kalẹ̀ o, kó má já lù wá," ni ọmọge náà wí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ta ló ń jẹ́ Ayọ̀tọ̀míwá?"

Ó wá yíjú wàyí. "Ẹ ò mọ Ayọ̀tọ̀míwá? Inú igbó lẹ̀ ń gbé ni?"

"Inú pákó àti ìṣó ni. Káfíńtà ni mí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Olúyọmí gbé lọ sílé.

Moṣọpẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ibefun, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí eré tẹlifíṣọ̀n tí kì í wò. Bó bá wo eré apanilẹ́rìn-ín ti baba onílé ahun tán, á gba ohùn rẹ̀ sórí Wasaapu fún ẹgbẹ́ òǹwòran: "Ẹ̀yin èèyàn mi, baba yìí tún ti ara rẹ̀ mọ́ta! Ó gba ojú fèrèsé, ikùn há!" Ṣùgbọ́n eré tó ń gba oorun lójú rẹ̀ ni "Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn". Micah fi Ayọ̀tọ̀míwá aya rẹ̀ sílẹ̀, ó bá obìnrin mìíràn lọ. Nígbà tí ìyẹn lé e, ó padà wá ń kan ilẹ̀kùn nínú òjò. Ọwọ́ Ayọ̀tọ̀míwá ti wà lára kọ́kọ́rọ́ kí wọ́n tó gé eré náà. Wọ́n ní ó di ẹ̀yìn Ọdún Àjíǹde.

Olúyọmí gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè rí ọ̀rọ̀ bá a sọ. Ìrọ̀lẹ́ kan, ó pè é.

"Oyin mi, mo ti dé ibi tí Micah ti ń kó ẹrù jáde."

"Ṣé inú bí ọ?"

"Ó bí mi débi pé mo fi òòlù lu àtàǹpàkò ara mi."

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, kò ṣeé kó mọ́. Olúkúlùkù ń rẹ́rìn-ín níbi tó wà.

Bẹ́ẹ̀ ni Olúyọmí mú un lọ sí Ayépé, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Opó ni Màmá Olúyọmí. Àdúrà ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀, Àyìnlá, oríkì rẹ̀, ló sì fi ń jí i láràárọ̀. Nílé wọn, bí ìyá ọkọ bá fẹ́ràn ọmọge, oríkì rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ìyá ti se ìkọ́kọrẹ́, òórùn ẹja gba gbogbo ilé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà," ni Moṣọpẹ́ wí lórí ìkúnlẹ̀.

Ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ ìyá. "Ohùn yìí! Ṣé ìwọ kọ́ lo wà lórí fóònù aládùúgbò mi, tí o ní kí Ayọ̀tọ̀míwá má ṣílẹ̀kùn fún ọkọ rẹ̀?"

"Èmi ni, Mà. Ìyà yẹn ti pọ̀ jù."

"Èmi ń gbààwẹ̀ kí ilé ọmọ yẹn má tú, ìwọ ń tú u!" Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Àyìnlá, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ti ọkọ mọ́ta, ṣé ìwọ ló máa ṣílẹ̀kùn fún?"

Wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ìyá ò bèèrè oríkì kankan.

"Màmá mi mọ̀ pé eré ni o," ni Olúyọmí wí lójú ọ̀nà.

"Orí wọn mọ̀. Ọkàn wọn ò mọ̀." Moṣọpẹ́ nu ojú. "Mi ò lè fẹ́ ọ láìsí ìsúre wọn. Ilé tí ìyá ò súre fún, òrùlé rẹ̀ á máa jò."

"Èmi ò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn."

Ní Ọjọ́rú, Moṣọpẹ́ dá nìkan lọ sí ìpàdé àdúrà ní ìjọ ìyá náà. Ó jókòó lẹ́yìn, ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá túká. Alàgbà Bọ̀wálé béèrè ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀. Màmá Olúyọmí dìde.

"Ẹ bá mi gbàdúrà fún ọmọbìnrin kan, Ayọ̀tọ̀míwá. Ilé rẹ̀ fẹ́ tú."

"Kó bọ́ síwájú," ni Alàgbà wí.

Gbogbo orí yí, wọ́n ń wá a. Ẹnìkan wá pariwo láti àárín akọrin: "Ti inú tẹlifíṣọ̀n ni o!"

Ẹ̀rín bú. Màmá Olúyọmí dorí kodò. Moṣọpẹ́ dìde, ó rìn lọ síwájú, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ fi àdúrà náà sórí mi, Mà. Èmi náà ń retí ilé kan, kò sì tíì dá mi lójú."

Ẹ̀rín dá. Ìyá gbọ́wọ́ lé e lórí. "Olúwa, ọmọ yìí..." Ó dúró, ó gbẹ́nu sí i létí. "Kí ni oríkì rẹ? Ẹni tí n kò mọ oríkì rẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe ń gbàdúrà fún un."

"Àwẹ̀ró, Mà."

"Àwẹ̀ró! Ọmọ tó fi ara rẹ̀ bo àṣírí àgbà! Ilé rẹ ò ní tú. O ò ní kan ilẹ̀kùn tí a ò ní dá ọ lóhùn."

Àmín náà mi òrùlé. Olúyọmí, tó wá mú ìyá rẹ̀ lọ sílé, dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò.

Lẹ́yìn Àjíǹde, ìdílé méjèèjì ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọn mẹ́ta jókòó lórí àga gígùn tí Olúyọmí ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, ìyá ló wà láàárín. Eré bẹ̀rẹ̀. Micah tún dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sọ pé òun jẹ̀bi.

"Ṣílẹ̀kùn, obìnrin yìí! Ebi ń pa mí!"

Ìyá fò dìde. "Má ṣí i! Ayọ̀tọ̀míwá, má ṣí ilẹ̀kùn yẹn!"

Olúyọmí rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ ṣubú. "Màmá, ààwẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ọlọ́run ti fún ẹlòmíràn ní èrè rẹ̀." Ó jókòó padà, ó gbé ọwọ́ Moṣọpẹ́ lé ti ọmọ rẹ̀ lórí itan ara rẹ̀. "Àwẹ̀ró, mo tọ́ ọmọ yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá fi lè ṣe bíi Micah lọ́jọ́ kan..."

"Mà?"

"Pè mí, ká jọ ti ilẹ̀kùn."